Òǹtẹ̀ Bàbá, Òǹtẹ̀ Ìyá

Ìlú Ọ̀wọ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tòní.

Bí àlejò bá wọ Ọ̀wọ̀ ní oṣù September, nígbà tí ọdún Ìgógó bá ń lọ lọ́wọ́, ohun tí yóò rí yóò yà á lẹ́nu. Yóò rí Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú, tí ó di irun bí obìnrin, tí ó sì wọ aṣọ àti iyùn bí olorì. Yóò rí àwọn ìjòyè tí àwọn náà múra bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 17 ni wọ́n fi ń ṣe ọdún náà, a kì í sì í lu ìlù nínú ìlú ní àkókò náà. Agogo ni wọ́n ń lù. Ìrántí Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n ni wọ́n ń ṣe, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n ní ayé àtijọ́. Ìtàn sọ pé obìnrin yìí ní èèwọ̀, àwọn orogún rẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ dá èèwọ̀ náà níwájú rẹ̀ títí tí ó fi fi ààfin sílẹ̀.

Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ń wo ọdún náà lè bi bàbá rẹ̀ pé: "Bàbá, bí ọba bá di irun tí ó sì wọ aṣọ obìnrin, kí ni ó kù tí ó mú un yàtọ̀ sí obìnrin?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Aṣọ wíwọ̀ àti irun dídì, ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n ti wá. Ènìyàn lè yí wọn padà fún ọjọ́ 17, kí ó sì dá wọn padà sí ààyè wọn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ mìíràn wà láàrin akọ àti abo tí ó ti wà lára ọmọ kí a tó bí i. Níbo ni ìyàtọ̀ yẹn ti wá? Ta ni ó gbé e wá, bàbá ni tàbí ìyá?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni èyí. Ní Ọ̀wọ̀ àti ní Ìfọ́n, ní Ìdó-Àní àti ní àwọn abà ìhà Ọ̀sẹ̀, bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí ti tú ilé. Obìnrin kan bí ọmọbìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra wọn, ìyá ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kò pẹ́, ọkọ fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó ní ti ilé kò mọ ọkùnrin bí. Obìnrin mìíràn lóyún, ikùn rẹ̀ yọ ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ó yá, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dà, kò sí ọmọ níbẹ̀. Àwọn ará ilé ní àjẹ́ ni, tàbí pé ó ti ṣe ohun tí kò tọ́. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, obìnrin ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni ti bí àwọn onímọ̀ ṣe wá mọ ohun tí bàbá ń fún ọmọ àti ohun tí ìyá ń fún un. Bí a bá sọ ọ́ dé òpin, ẹ ó rí i pé ẹ̀bi yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ní ọdún 1866, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gregor Mendel, tí ó ń gbé ilé àwọn àlùfáà Kátólíìkì ní ìlú Brno, ní ilẹ̀ tí ó di Czech lónìí, tẹ ìwé kan jáde. Ó ti fi ọdún púpọ̀ gbin irú ẹ̀wà kan sí ọgbà ibẹ̀. Ó ń mú èyí tí ó ga pọ̀ mọ́ èyí tí ó kúrú, ó sì ń ka ohun tí wọ́n so lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé ohun àjogúnbá kì í dà pọ̀ mọ́ra bí omi àti wàrà. Ó wà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí hóró àgbàdo. Ọmọ ń gba ẹyọ kan lọ́wọ́ bàbá, ó sì ń gba èkejì rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá. Àwọn ẹyọ wọ̀nyí ni ayé wá ń pè ní jíìnì. Mendel rí ohun kan sí i: ì báà jẹ́ pé ẹ̀wà gíga ni bàbá, ì báà sì jẹ́ pé òun ni ìyá, irú ọmọ kan náà ni wọ́n ń bí. Ìyẹn ni pé, bí ohun tí a jogún bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, kò sí ìyàtọ̀ nínú ẹni tí a jogún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ayé tún ìwé rẹ̀ ṣí ní ọdún 1900, òfin yìí ni gbogbo ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ni.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sin ẹran ti mọ ohun kan tipẹ́ tí kò bá òfin náà mu. Ẹni tí ó ń ka Bíbélì mọ ìbaaka. Orí ìbaaka Dáfídì ni wọ́n gbé Sólómọ́nì gùn ní ọjọ́ tí wọ́n fi í jọba. Ní ìhà igbó tiwa, ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò pọ̀, nítorí eṣinṣin tí í gbé àrùn oorun kiri kì í jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí wọ́n ti pọ̀, wọ́n mọ̀ pé bí akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá gun abo ẹṣin, ìbaaka ni wọn yóò bí, ẹran líle, elétí gígùn. Bí a bá yí i padà, tí akọ ẹṣin gun abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọmọ tí wọn yóò bí sábà máa ń kéré ju ìbaaka lọ, etí rẹ̀ kì í sì í gùn tó ti ìbaaka. Ẹṣin kan, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọmọ méjèèjì kò rí bákan náà. Lóòótọ́, ilé ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kéré ju ti ẹṣin lọ, ìyẹn sì wà lára ohun tí ó fà á. Síbẹ̀, àwọn kan rò ó pé bóyá ohun mìíràn tún wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbaaka sílẹ̀ ná, kí a wá sórí akọ àti abo. Ní ọdún 1905, obìnrin ọmọ Amẹ́ríkà kan, Nettie Stevens, ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ara kòkòrò inú ìyẹ̀fun. Nínú gbogbo ara ohun alààyè, àwọn òwú tín-ín-rín kan wà tí a ń pè ní kírómósómù. Lórí wọn ni jíìnì tò sí bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń tò sórí okùn. Stevens rí i pé òwú kan lára abo jẹ́ ńlá méjì, ṣùgbọ́n lára akọ, ọ̀kan tóbi, èkejì kéré. Ńlá ni a wá ń pè ní X, kékeré ni Y. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lára ènìyàn, ewúrẹ́, àgùntàn, òyà, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹranko tí ń fi ọmú bọ́ ọmọ: abo ní X méjì, akọ ní X kan àti Y kan. Ní ọdún 1959, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland rí ènìyàn tí ó ní X méjì pẹ̀lú Y, ọkùnrin ni. Wọ́n rí ẹlòmíràn tí ó ní X kan ṣoṣo láìní Y, obìnrin ni. Wọ́n wá mọ̀ pé Y ni ó ń sọ ọmọ di ọkùnrin. Ní ọdún 1990, wọ́n rí jíìnì náà gan-an lórí Y tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n pè é ní SRY. Nígbà tí ó di 1991, wọ́n fi í sínú ọlẹ̀ èkúté tí ó ní X méjì, tí ó yẹ kí ó jẹ́ abo. Ó sì dàgbà di akọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹyin obìnrin kò ní ju X lọ. Àtọ̀ ọkùnrin ni ó pín sí méjì: òmíràn gbé X, òmíràn gbé Y. Bí èyí tí ó gbé X bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹyin, obìnrin ni. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ó gbé Y, ọkùnrin ni. Nítorí náà, obìnrin tí ó bí ọmọbìnrin mẹ́rin kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kò ní Y tí yóò fún ọmọ. Ọkọ náà kò sì ṣẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè yan àtọ̀ tí yóò kọ́kọ́ dé. Ẹ̀bi àkọ́kọ́ tí a dì ru obìnrin ti já bọ́ nìyẹn.

Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀: Y dé, ọkùnrin dé; Y kò dé, obìnrin ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo X wò. Ọmọkùnrin ní X kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti gbà á, kò sí ibòmíràn tí ó tún lè ti rí i gbà. Ọmọbìnrin ní méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ǹjẹ́ X tí ó wá láti ọ̀dọ̀ bàbá ń ṣiṣẹ́ bákan náà pẹ̀lú èyí tí ó wá láti ọ̀dọ̀ ìyá? Mendel ìbá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 1960, Helen Crouse, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé nípa eṣinṣin kékeré kan tí ń jẹ́ Sciara. Ara eṣinṣin yìí máa ń mọ X tí ó ti ọ̀dọ̀ bàbá wá yàtọ̀, á sì lé e jáde. Iye X bàbá tí ó bá lé jáde ni ó ń sọ bóyá akọ ni ọmọ yóò jẹ́ tàbí abo. Crouse ní ó dà bí ẹni pé bàbá ti tẹ òǹtẹ̀ sí ohun tí ó fi fún ọmọ. Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ yìí ni ayé ń lò títí di òní.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1961, Mary Lyon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé X méjì tí ó wà lára abo kì í jọ ṣiṣẹ́. Nínú ẹyọ ara kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan a máa sùn, èkejì a máa ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí abo ológbò kan fi ń ní àwọ̀ dúdú níbì kan àti àwọ̀ pupa níbòmíràn: X tí ó gbé àwọ̀ dúdú ni ó jí níhìn-ín, X tí ó gbé pupa ni ó jí lọ́hùn-ún. Lára ènìyàn, kò sí ìlànà nípa èyí tí yóò sùn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1971, wọ́n rí i ní Australia pé lára kangaroo, ẹranko tí ń fi àpò ikùn gbé ọmọ, X ti bàbá ni ó ń sùn ní gbogbo ìgbà. Ní 1975, àwọn ará Japan méjì, Takagi àti Sasaki, rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ibi ọmọ èkúté, èyí tí ń gba oúnjẹ fún ọlẹ̀ lára ìyá rẹ̀. Ẹranko afọ́mọlọ́mú náà mọ ti bàbá yàtọ̀ sí ti ìyá.

Ìdánwò tí ó wá fi òtítọ́ hàn kedere ni ti ọdún 1984. Ọmọ Áfíríkà wà nínú àwọn tí ó ṣe é. Azim Surani ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Kisumu ní ilẹ̀ Kenya, létí adágún odò Victoria, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1945. Ní Cambridge, òun àti Sheila Barton àti Michael Norris mú ẹyin èkúté tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àtọ̀. Ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹrù bàbá àti ẹrù ìyá kò tíì dà pọ̀ nínú ẹyin. Wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹ̀wà méjì nínú eèpo kan. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ tí ó tín-ín-rín jù irun lọ yọ ẹrù bàbá kúrò, wọ́n sì fi ẹrù ìyá mìíràn rọ́pò rẹ̀. Jíìnì pé, kò sí èyí tí ó dín. Bí òfin Mendel bá tó, ó yẹ kí wọ́n bí ọmọ. Ọlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi ọmọ kò dára, ó sì kú. Wọ́n yí i padà, wọ́n fi ẹrù bàbá méjì sínú ẹyin. Lọ́tẹ̀ yìí, ibi ọmọ dàgbà dáradára, ṣùgbọ́n ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ kò rí bí ó ti yẹ. Òun náà kú. Ní ọdún kan náà, James McGrath àti Davor Solter ní Philadelphia rí ohun kan náà ní ọwọ́ tiwọn. Bàbá méjì kò lè bímọ, ìyá méjì kò lè bímọ. Ohun tí bàbá fi sílẹ̀ àti ohun tí ìyá fi sílẹ̀ kò ṣe é fi rọ́pò ara wọn.

Kí ni òǹtẹ̀ yìí gan-an? Ẹ ronú nípa ìwé méjì tí ọ̀rọ̀ inú wọn jọra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá fún ọmọ ní ọ̀kan, ìyá fún un ní èkejì. Ṣùgbọ́n bàbá ti lẹ àwọn ojú ìwé kan pọ̀ nínú tirẹ̀, kí ọmọ má baà kà wọ́n. Ìyá náà ti lẹ àwọn mìíràn pọ̀ nínú tirẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ ni èròjà kékeré kan tí a ń pè ní methyl, tí í máa ń so mọ́ jíìnì. Nínú jíìnì bíi 20,000 tí ènìyàn ní, nǹkan bí 100 ni a mọ̀ pé ó ní òǹtẹ̀ báyìí. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni èyí: òǹtẹ̀ náà kì í wà títí láé. Ọkùnrin gba jíìnì kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, òǹtẹ̀ ìyá sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí ara ọkùnrin náà bá ń ṣe àtọ̀, yóò pa òǹtẹ̀ ìyá rẹ́, yóò sì tẹ òǹtẹ̀ bàbá sí i kí ó tó fi fún ọmọ tirẹ̀. Bí ọmọ náà bá jẹ́ obìnrin, òun náà yóò pa ti bàbá rẹ́ nínú ẹyin rẹ̀, yóò tẹ ti ìyá. Jíìnì kan náà ni ó ń lọ láti ìran dé ìran. Òǹtẹ̀ ni ó ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó bá gbé e ṣe jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ obìnrin kejì, èyí tí oyún rẹ̀ kò ní ọmọ nínú. Oyún bẹ́ẹ̀ máa ń kún fún àwọn àpò omi wẹ́wẹ́, bí èso àjàrà. Ní ọdún 1977, Kajii àti Ohama ní Japan yẹ irú oyún bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé gbogbo jíìnì inú rẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá ni ó ti wá. Ẹrù ìyá ti sọnù kúrò nínú ẹyin. Ẹ rántí ìdánwò èkúté Cambridge: níbi tí ẹrù bàbá méjì bá wà, ibi ọmọ ni yóò máa dàgbà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin náà nìyẹn. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe àgbèrè, kì í ṣe èpè. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí kò gbọ́dọ̀ wà nílé ni: ẹ̀jẹ̀ lè dà púpọ̀ jù, ohun tí ó bá kù nínú ilé ọmọ sì lè di jẹjẹrẹ. Dókítà lè kó o jáde, ó sì yẹ kí obìnrin náà máa padà lọ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn náà fún oṣù díẹ̀. Bí a bá tètè tọ́jú rẹ̀, ìwòsàn wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì tún ń bímọ lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ló dé tí bàbá àti ìyá fi ń lẹ ojú ìwé pọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́? Ọdún 1991 ni ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn sí i. Ní ọdún náà, wọ́n rí òǹtẹ̀ lára jíìnì kan tí ń jẹ́ Igf2, tí ń mú kí ọlẹ̀ dàgbà. Èyí tí ó wá láti ọ̀dọ̀ bàbá nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Èkúté tí ó gba Igf2 tí ó bàjẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ kò tóbi ju nǹkan bí 60 nínú 100 ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó gba irú rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tóbi bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún kan náà, wọ́n rí òǹtẹ̀ lára jíìnì mìíràn tí ń fa Igf2 sẹ́yìn. Ti ìyá nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú èyí. Ọ̀mọ̀wé David Haig ṣàlàyé rẹ̀ báyìí. Ẹ wo ewúrẹ́ àgbègbè yín: òbúkọ kan gùn ún lónìí, òmíràn lè gùn ún lẹ́yìn ìgbà yẹn. Òbúkọ àkọ́kọ́ kò ní ìpín nínú ọmọ ẹ̀yìn, nítorí náà ó jẹ́ èrè fún un bí ọmọ tirẹ̀ bá gba oúnjẹ púpọ̀ lára ìyá. Ṣùgbọ́n ọmọ gbogbo ni ti ìyá; ó ní láti fi agbára díẹ̀ pamọ́ fún àwọn tí ń bọ̀. Kò sí ẹran tí ó ń rò ó lọ́kàn. Láti ìran dé ìran ni ó ti wọ inú jíìnì bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ilé olórogún, tí ó rántí Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, kò ní ṣòro fún un láti mọ̀ pé bí a bá tilẹ̀ jọ wà nínú ilé kan, ìpín lè mú ọ̀rọ̀ wá. Adìyẹ àti tòlótòló kò ní òǹtẹ̀ yìí, nítorí inú ẹyin ni oúnjẹ ọmọ wọn wà. Kò sí ìyá kan tí ọmọ ń fa oúnjẹ lára rẹ̀ láti inú.

Ó ku apá tí ó kan akọ àti abo. Ẹ rántí pé ọmọkùnrin kì í gba X lọ́wọ́ bàbá. Nítorí náà, bí jíìnì kan bá wà lórí X tí ó jẹ́ pé ti bàbá nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin yóò jẹ àǹfààní rẹ̀, ọmọkùnrin kò ní rí i lò rárá. Òǹtẹ̀ nìkan ti tó láti mú kí akọ àti abo yàtọ̀ síra, láìsí ọwọ́ Y níbẹ̀. Ní ọdún 1997, David Skuse àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London yẹ ọmọbìnrin àti obìnrin 80 wò tí wọ́n bí pẹ̀lú X kan ṣoṣo. Àìpé yìí ni a ń pè ní Turner. Wọn kì í sábà ga, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í rí nǹkan oṣù bí kò ṣe pé a tọ́jú wọn. Nínú 80 yìí, 55 gba X wọn lọ́dọ̀ ìyá, 25 gbà á lọ́dọ̀ bàbá. Àwọn tí ó ní X bàbá mọ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ gbé, tí wọ́n sì ń mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹlòmíràn, ju àwọn tí ó ní X ìyá lọ. Skuse sọ pé bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọkùnrin, tí X ìyá nìkan ni tiwọn, fi máa ń ní ìṣòro nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju ọmọbìnrin lọ. Àwọn mìíràn tún ìwádìí náà ṣe, gbogbo wọn kọ́ ni wọ́n rí i bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2005, wọ́n rí i lára èkúté tí ó ní X kan pé àwọn tí ó ní X ìyá lọ́ra láti fi àṣà tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ ju àwọn tí ó ní X bàbá lọ.

Orí X nìkan kọ́ ni òǹtẹ̀ wà. Jíìnì kan wà tí ń jẹ́ Peg3, ti bàbá nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ní 1999, Surani àti Keverne pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ròyìn pé abo èkúté tí Peg3 bàbá rẹ̀ bàjẹ́ kò mọ ọmọ tọ́jú dáadáa: ó lọ́ra láti kó wọn jọ, ó lọ́ra láti kọ́ ìtẹ́, ọmú rẹ̀ kò sì sọ̀ bí ó ti yẹ. Ní 2007, wọ́n rí i pé akọ tí jíìnì kan náà bàjẹ́ lára rẹ̀ kì í fi ìrírí kọ́ bí a ti ń mọ òórùn abo. Ẹ wò ó: jíìnì kan, iṣẹ́ kan lára akọ, iṣẹ́ mìíràn lára abo. Ẹ sì tún wò ó pé ohun tí ń ran ìyá lọ́wọ́ láti jẹ́ ìyá, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ti gbà á.

Ní 2004, Tomohiro Kono ní Tokyo yí òǹtẹ̀ padà lára ẹyin èkúté, ó sì mú kí ìyá méjì bí ọmọ kan láìní bàbá, ohun tí kò ṣeé ṣe ní 1984. Nígbà tí ó di 2010, òun àti Kawahara ròyìn pé irú àwọn èkúté bẹ́ẹ̀ kéré lára, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ láyé ju abo mìíràn lọ ní nǹkan bí ìdá 3 nínú 10. Èyí mú kí àwọn onímọ̀ máa bi ara wọn bóyá òǹtẹ̀ bàbá, tí ń mú ara tóbi, ń gba owó rẹ̀ padà ní ọjọ́ ogbó.

Àgbẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ níbí. Ní 2003, wọ́n rí ìyípadà kékeré kan nínú Igf2 ẹlẹ́dẹ̀ tí ń mú kí ẹran rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rá lọ. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá, a ó rí i lára rẹ̀. Bí ó bá gbà á lọ́dọ̀ ìyá, a kò ní rí i. Ẹni tí ó bá ń sin ẹran kò gbọdọ̀ máa wo ìyá nìkan nígbà tí ó bá ń yan irú.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, mo fẹ́ kí ẹ mú ohun díẹ̀ lọ sílé. Òǹtẹ̀ kò sọ pé ọkùnrin gbọ́n ju obìnrin lọ, kò sì sọ pé obìnrin gbọ́n ju ọkùnrin lọ. Kò sì pàṣẹ iṣẹ́ tí ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe. Ìyẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ilé àti àṣà ìlú, bí a ti ń rí i lọ́dọọdún ní Ìgógó. Ohun tí ó sọ ni pé kò sí ọmọ tí ó jẹ́ ti bàbá nìkan tàbí ti ìyá nìkan, àti pé nínú ara ọkùnrin, ọwọ́ ìyá wà níbẹ̀. Nínú ara obìnrin, ọwọ́ bàbá wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń fi ọmọbìnrin mẹ́rin bú ìyàwó ilé, ẹ sọ fún un ibi tí Y ti ń wá. Bí ẹ bá rí aboyún tí ikùn rẹ̀ yára yọ jù tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀, ẹ má ṣe wá ẹni tí yóò jẹ̀bi. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ọmọbìnrin yín bá pé ọdún 15 tí kò tíì rí nǹkan oṣù, tí kò sì ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ mú un lọ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Agogo Ìgógó yóò tún dún ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí ẹ bá rí ọba tí ó di irun ní ìrántí obìnrin kan, ẹ rántí pé ara ọba náà pẹ̀lú ti gba òǹtẹ̀ ìyá kí ó tó gba adé. Ó di ọjọ́ mìíràn o. Ire ni o.